Orí Kẹfà: Ìyàsọ́tọ̀ àti Ìtọ́jú Ọmọ Àrọ̀ Tuntun

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, gba ọ̀nà Mọ́níyà kọjá sí ìhà Ìjàyè, tàbí tí ó gba Ìyànà Ọ̀fà wọ Làlúpọn, tàbí tí ó la Ẹgbẹ́dá kọjá títí dé etí omi Aṣéjìrẹ́, tàbí tí ó ti Amúlókò já sí Akànrán ilẹ̀ àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà, yóò rí i pé ní ẹ̀yìnkùlé púpọ̀ tí ó jẹ́ pé kòkó àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń dáko tẹ́lẹ̀ rí, kòtò ẹja ti wà níbẹ̀ báyìí: èyí tí a fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì mọ, èyí tí a fi tapólì ta, àti èyí tí a gbẹ́ sínú ilẹ̀ àkùrọ̀. Àrọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú wọn, àrọ̀ abirùngbọ̀n, ọmọ ẹrẹ̀, ẹja tí kò ní ìpẹ́ lára, tí í mí nínú omi tí í sì tún yọ ẹnu sókè gba afẹ́fẹ́ bí omi bá bàjẹ́. Agbára tí Elédùmarè fún ẹja yìí gan-an ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn jẹ. Nítorí pé ó lè fara da omi tí yóò pa ẹja mìíràn, a máa ń rò pé bí a bá ti rà á, tí a gbé e dé ilé, kò sí ohun tí ó kù ju kí a dà á sínú kòtò tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ àrọ̀ tí a gbé ti ibòmíràn wá kì í dá nìkan wá. Ohun tí ó wà lára rẹ̀ a máa bá a bọ̀. Ohun tí a kọ orí yìí fún ni láti fi hàn pé omi ọ̀tọ̀, tí ẹja tuntun yóò kọ́kọ́ gbé inú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ni oògùn àkọ́kọ́ tí a ní, àti pé gbogbo oògùn inú ìgò àti inú ọ̀rá ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìyà tí ọmọ ẹja jẹ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. A fi àwọ̀n gbá a jọ láti inú omi tí ó ti mọ̀ lára. A ṣà á, a fi abọ́ kà á. A dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tí a gé lórí pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ sì gbé e lórí títì tí ó kún fún gegele, nígbà mìíràn lábẹ́ oòrùn ọ̀sán gangan. Nínú gbogbo ìfàgbárá-mú yìí, ohun yíyọ̀ tí ó bo ara rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ẹ̀wù ogun fún ẹja tí kò ní ìpẹ́, a bó lára rẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Àwọn kòkòrò aláìṣeéfojúrí bíi Trichodina àti Gyrodactylus, tí wọ́n lè wà lára ẹja kan tàbí méjì níbi tí a ti rà wọ́n láìfa ìpalára kankan, wá rí ara tí ó ti rẹ̀, àyè híhá, àti omi ìdọ̀tí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i. Ìdí nìyí tí ẹja tí ń fò fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ó tà á ní ọjọ́ Ajé fi lè dùbúlẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ Ẹtì, tí ẹni tí ó tà á kò sì purọ́ fún wa rárá. Àrùn tí í ṣe ogójì ni í ṣe ọ̀ọ́dúnrún. Bí a bá da igba ọmọ ẹja aláìlera sí àárín ẹgbẹ̀rún méjì tí ara wọn dá, kì í ṣe igba nìkan ni a fi ṣeré, owó oúnjẹ oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó ti wọ ikùn àwọn àgbà ẹja náà ni a gbé lé etí odò.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun láyé. Ní ọdún 1377 ni àwọn aláṣẹ ìlú Ragusa, tí a ń pè ní Dubrovnik lónìí, ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ilẹ̀ tí àjàkálẹ̀ àrùn wà bọ̀ kò gbọdọ̀ wọ ìlú àfi bí ó bá ti gbé ìta fún ọgbọ̀n ọjọ́. Nígbà tó yá, ní àwọn èbúté Ítálì, wọ́n sọ ọ́ di ogójì ọjọ́. Àwọn baba tiwa náà, nígbà tí ìgbóná ń jà, kì í jẹ́ kí ẹni tí ó mú sùn láàárín agbo ilé pẹ̀lú àwọn ọmọdé. Ohun tí gbogbo wọn mọ̀ ni pé àìsàn ní ìgbà tí ó fi ń sápamọ́ nínú ara kí ó tó yọjú, àti pé ẹni tí ó bá lè dúró kí ìgbà náà kọjá, tí kò sì jẹ́ kí ara kan ara, ti ṣẹ́gun ìdajì ogun.

Fún àrọ̀ ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo gbà yín ní ìmọ̀ràn. Ọ̀sẹ̀ méjì sàn ju òfo lọ, ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí ó máa ń fara hàn lẹ́yìn tí ọkàn ọlọ́sìn bá ti balẹ̀.

Kí ẹ tó lọ ra ẹja rárá ni kí táńkì ìyàsọ́tọ̀ ti wà ní ìmúrasílẹ̀, tí omi ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ kan ṣáájú. Kò dìgbà tí ó bá tóbi. Táńkì tí ó gùn ní mítà 2, tí ó fẹ̀ ní mítà 1.5, tí a pọn omi sí dé ìwọ̀n ìdajì mítà, gba lítà 1,500, ó sì tó fún 500 ọmọ ẹja tí wọ́n ń pè ní juvenile fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bí a bá ń pààrọ̀ omi rẹ̀ déédéé. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: ẹni tí kò ní táńkì onísìmẹ́ǹtì lè fi igi ṣe férémù kí ó ta tapólì sí i, ẹni tí ẹja rẹ̀ kò sì tó nǹkan lè lo dírọ́ọ̀mù oníke tí a gé sí méjì, bí a bá ti dá a lójú pé kì í ṣe kẹ́míkà ni wọ́n fi kó tẹ́lẹ̀. Kí ibùdó rẹ̀ jìnnà sí kòtò àgbà tó bẹ́ẹ̀ tí omi kò fi ní ta láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Kí ó wà lábẹ́ ibòòji. Kí àwọ̀n sì bo orí rẹ̀, nítorí ọmọ àrọ̀ a máa fò jáde ní òru, ẹyẹ lékeléke sì ń ṣọ́ ọ ní ọ̀sán.

Omi ńkọ́? Omi odò àti omi ìṣàn kò dára fún táńkì yìí, nítorí ìgbín inú omi àti ẹja ìgbẹ́ a máa gbé kòkòrò àrùn wá nínú rẹ̀. Omi kànga tí a bò dára. Omi bọ́hòòlù dára pẹ̀lú, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kéré bí ó ti ń ti abẹ́ ilẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kí ó máa já láti òkè bọ́ sínú táńkì, kí ó sì sùn mọ́jú. Ẹni tí ń lo omi ẹ̀rọ ìjọba tí wọ́n ń fà láti Aṣéjìrẹ́ tàbí Ẹlẹ́yẹlé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé oògùn kílòráìnì tí wọ́n fi ń fọ omi náà mọ́ fún wa láti mu ni ó ń jó ẹ̀yà ara tí ẹja fi ń mí. Kí ó fi omi náà sílẹ̀ sí gbangba fún odindi ọjọ́ kan tàbí méjì.

Àwọ̀n ìkẹ́ja, korobá, abọ́ oúnjẹ àti búrọ́ọ̀ṣì táńkì yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ẹ kùn wọ́n ní ọ̀dà pupa kí ọmọdé tí a rán ní iṣẹ́ má baà ṣì wọ́n mú. Nínú gbogbo ohun tí orí yìí kún fún, ibi tí mo ti rí i pé àwọn ènìyàn ń kọsẹ̀ jù nìyí: wọ́n á ná owó mọ táńkì ọ̀tọ̀, àwọ̀n kan ṣoṣo ni wọn yóò sì máa tì bọ méjèèjì. Bí ẹ bá jí ní òwúrọ̀, àwọn àgbà ẹja ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́, kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ àwọn tuntun. Bí ẹ bá ti ọwọ́ bọ omi àwọn tuntun, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kí ẹ tó padà.

Nígbà tí ẹ bá lọ sí ilé ẹni tí ń ta ọmọ ẹja, ẹ má ṣe kánjú. Ẹ ní kí ó fún wọn ní oúnjẹ díẹ̀ níṣojú yín, ẹ wò ó bóyá wọ́n sáré sí i. Ẹ wo irùngbọ̀n wọn: ti ẹja aláìlera a máa ká kò tàbí kí ó jẹ dànù. Ẹ wo igun táńkì, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tí ara wọn kò dá ti ń dá dúró. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olóko, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, irú oògùn tí ó ti lò fún wọn ní oṣù tí ó kọjá. Bí ó bá sọ pé òun ń fi oògùn apakòkòrò sí oúnjẹ wọn lójoojúmọ́ kí wọ́n má baà ṣàìsàn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì wá ẹlòmíràn. Kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe bọ́ ẹja náà ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ óò gbé wọn, nítorí ìgbẹ́ tí wọ́n bá yà sínú kẹ́ẹ̀gì ni í di ammonia tí í pa wọ́n lójú ọ̀nà. Ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ gbé wọn.

Bí ẹ bá dé ilé, ẹ má ṣe da ẹja àti omi pọ̀ sínú táńkì. Omi inú kẹ́ẹ̀gì ti gbóná, tàbí ó ti tutù, ju ti táńkì lọ. Ẹ máa bu omi táńkì sínú kẹ́ẹ̀gì díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, títí méjèèjì yóò fi bá ara wọn dọ́gba lára ọwọ́, kí ẹ tó fi àwọ̀n kó ẹja nìkan jáde. Omi tí wọ́n bá wá, ilẹ̀ gbígbẹ tí ó jìnnà sí kòtò ni kí ẹ dà á sí. Nígbà yìí kan náà ni kí ẹ ya ńlá kúrò lára kékeré, nítorí àrọ̀ a máa gbé àbúrò rẹ̀ mì, èyí tí a bá sì gé ní ìrù jẹ ni ẹnu-ọ̀nà tí àrùn yóò gbà wọlé.

Iyọ̀ ni mo fẹ́ kí a jókòó tì nísinsìnyí, iyọ̀ ọbẹ̀ lásán, nítorí kò sí oògùn tí ó wà nítòsí wa, tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí kì í fi májèlé sílẹ̀ nínú ẹran ara ẹja, tí ó tó o. Ẹ̀jẹ̀ ẹja inú omi dídùn ní iyọ̀ ju omi tí ó yí i ká lọ. Tọ̀sántòru ni omi ń wọ inú ara rẹ̀ tí iyọ̀ sì ń jáde, tọ̀sántòru ni kíndìnrín rẹ̀ ń ṣe làálàá láti da omi náà síta. Bí ara rẹ̀ bá bó nínú ìrìn-àjò, ẹnu-ọ̀nà náà fẹ̀ sí i, làálàá náà sì di ìlọ́po. Bí a bá fi iyọ̀ díẹ̀ sínú omi, àlàfo tí ó wà láàárín ara àti omi dín kù, ẹja náà sì rí agbára tí yóò fi wo ọgbẹ́ rẹ̀. Iyọ̀ kan náà ni ó ń fa omi jáde lára àwọn kòkòrò kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí àwọn kò ní ohun tí wọn yóò fi dá ara wọn sí.

Ẹni tí ń sin ẹja òkun nínú àpótí onígíláàsì ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà mọ òdìkejì ọgbọ́n yìí: òun náà a máa ya ẹja tuntun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nítorí àrùn àmì funfun tí kòkòrò Cryptocaryon irritans ń fà nínú omi iyọ̀, omi dídùn sì ni ó máa ń ki ẹja náà bọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láti fi já oríṣi àwọn kòkòrò kan kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún máa ń lo oògùn bàbà, èyí ni ẹ kò sì gbọdọ̀ wò lójú rẹ̀ ṣe. Ẹja tirẹ̀ kì í wọ ìkòkò ọbẹ̀, ó sì ní ìpẹ́. Tiwa kò ní ìpẹ́, ẹnìkan ni yóò jẹ ẹ́, bàbà sì le púpọ̀ fún ẹja nínú omi tí kò ní ẹfun nínú.

Ìwọ̀n iyọ̀ nìyí. Fún ìsinmi lẹ́yìn ìrìn-àjò, gíráàmù 3 sí lítà omi kan. Táńkì wa onílítà 1,500 yóò gba kílò 4.5. Ẹ yọ́ ọ sínú korobá kí ẹ tó dà á káàkiri, ẹ má ṣe da iyọ̀ gbígbẹ lé ẹja lórí. Ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 5 sí 7. Iyọ̀ kì í bá oòrùn lọ. Èyí tí ó bá bá omi tí ẹ dànù jáde nìkan ni ẹ óò dá padà, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹ bá pààrọ̀ ìdajì omi, kílò 2.25 ni ẹ óò fi kún un. Bí ẹ bá sì rí i pé ẹja ń fi ara gbo ògiri, tí ara wọn sì ń ṣe funfun nítorí ohun yíyọ̀ tí ó pọ̀ jù, ẹ lè ki wọ́n bọ omi iyọ̀ líle: gíráàmù 10 sí lítà kan, fún ìṣẹ́jú 10 sí 20, nínú abọ́ ńlá tí ẹ jókòó tì. Ojú yín kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹja tí ó bá ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ti ní tó, ẹ gbé e padà sínú omi rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní, ẹ má ṣe bọ́ wọn. Ní ọjọ́ kejì, oúnjẹ díẹ̀ tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Táńkì tuntun kò tíì ní àwọn kòkòrò rere tí í sọ ammonia di aláìlèpanilára, nítorí náà, ìdá kan nínú mẹ́ta omi ni kí ẹ máa fà jáde láti ìsàlẹ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìgbẹ́ àti ìyókù oúnjẹ, kí ẹ sì fi omi tí ó ti sùn mọ́jú rọ́pò rẹ̀. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí a ń pe ìwà omi ní àrùn, tí a ń da oògùn lé oògùn, tí ó sì jẹ́ pé pípààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀mejì ni ẹja náà ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa wò wọ́n kí ẹ tó fún wọn ní oúnjẹ. Àrọ̀ a máa gòkè gba afẹ́fẹ́ kí ó sì tún wọ ìsàlẹ̀ lọ, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Èyí tí ó bá dúró lóòró tí ẹnu rẹ̀ wà lókè tí kò sì sọ̀kalẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù fún. Ẹ kọ iye tí ó kú, iye oúnjẹ tí wọ́n jẹ, àti oògùn tí ẹ lò sínú ìwé kan. Ẹja tútù ni à ń ká. Bí ó bá gbẹ tán, ṣíṣẹ́ ni í ṣẹ́: àìsàn tí ẹ bá rí ní ọjọ́ tí ẹja méjì kọ oúnjẹ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ rí ní ọjọ́ tí ogún léfòó.

Àrùn àmì funfun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ àrùn tí ó yẹ kí a mọ ìwà rẹ̀. Ichthyophthirius multifiliis ni orúkọ kòkòrò tí ń fà á nínú omi dídùn. Ó máa ń wọ abẹ́ awọ ẹja, níbẹ̀ ni ó ti ń jẹun tí ó ń sanra, àmì funfun wínníwínní tí ojú wa rí kì í sì ṣe ohun mìíràn bí kò ṣe òun fúnra rẹ̀. Ní abẹ́ awọ yìí, kò sí oògùn inú omi tí ó lè kàn án. Bí ó bá yó, yóò já bọ́ sí ìsàlẹ̀ táńkì, yóò fi èèpo bo ara rẹ̀, yóò sì pín sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Níbẹ̀ pẹ̀lú, oògùn kò ràn án. Àfi nígbà tí àwọn ọmọ náà bá tú jáde tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ kiri láti wá ẹja ni iyọ̀ lè pa wọ́n, bí wọn kò bá sì rí ẹja láàárín ọjọ́ kan sí méjì, wọn yóò kú fúnra wọn. Nínú omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ooru rẹ̀ tó ìwọ̀n 26 sí 30 ti Celsius, gbogbo àyíká yìí kì í gbà ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Nínú omi tútù, ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ wá rí ìdí tí ẹni tí ó bá fi oògùn sí omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí àmì náà sì pòórá, fi ń tan ara rẹ̀ jẹ: àwọn tí ó wà lábẹ́ awọ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́ sílẹ̀ láti lọ bímọ. Ẹ jẹ́ kí iyọ̀ onígíráàmù 3 wà nínú omi fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì láìdá a dúró, ẹ máa fọ ìsàlẹ̀ táńkì lójoojúmọ́ kí ẹ lè kó àwọn tí ó bo ara wọn dànù, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìyàsọ́tọ̀ ní kíkà láti ìgbà tí àmì ìkẹyìn bá ti lọ. Ní àkókò ọyẹ́, ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, tí omi inú táńkì máa ń tutù nini lóru, ni àrùn yìí máa ń jà jù, ẹ fi nǹkan bo táńkì lálẹ́.

Irun funfun tí ó rí bí òwú lójú ọgbẹ́ yàtọ̀ sí èyí. Olú ni, ó sì máa ń tẹ̀lé ọgbẹ́ ìrìn-àjò. Iyọ̀ àti omi mímọ́ ni a fi ń bá a wí.

Nípa oògùn potassium permanganate, ẹ̀rún dúdú tí ń sọ omi di elésè àlùkò, gíráàmù 2 ni ó tó fún lítà 1,000, èyí túmọ̀ sí gíráàmù 3 fún táńkì wa. Ẹ má ṣe fi ojú wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ẹ má ṣe fi ṣíbí. Irú ìwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò ni kí ẹ rà. Ó wúlò fún kòkòrò ìta ara àti fún àrùn Columnaris, èyí tí ó máa ń fi àbààwọ́n ràkọ̀ràkọ̀ sí ẹ̀yìn ẹja tí ó sì ń jẹ ẹnu àti ibi ìmí rẹ̀. Bí omi bá di aláwọ̀ ilẹ̀ kí wákàtí 8 tó pé, ìdọ̀tí inú omi ni ó jẹ oògùn náà tán; ẹ pààrọ̀ omi, kí ẹ sì fún ẹja ní ìsinmi ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó tún un lò. Formalin ni èmi kò ní fi lé ọwọ́ ọlọ́sìn tí kò sí dókítà ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ó ń gba afẹ́fẹ́ inú omi, ó ń jó ojú àti ọ̀fun ẹni tí ń lò ó, bí a bá sì dà á pọ̀ mọ́ permanganate, èéfín olóró ni yóò rú jáde.

Bí ikùn bá wú, tí ara pupa, tí egbò sì ń yọ, ó ṣeé ṣe kí àrùn náà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ oògùn apakòkòrò ti wọlé. Ẹ má ṣe gba ilé oògùn lọ tààrà. Ẹ mú ẹja mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ń ṣàìsàn ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣì wà láàyè, nínú ọ̀rá omi, pẹ̀lú ìgò omi táńkì lọ́tọ̀, kí ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí awò asọhun-kékeré-di-ńlá wà tí wọn yóò fi wo ohun tí ń bẹ lára wọn. Òkú ẹja kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, nítorí láìpẹ́ láìjìnnà ni kòkòrò ìdíbàjẹ́ ti gba ibẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò àrùn. Owó ọkọ̀ láti Ẹrùnmú tàbí Bádékù kò tó iye tí a ń ná sórí oògùn tí kò bá àrùn mu.

Bí dókítà bá pàṣẹ oxytetracycline, ìṣirò rẹ̀ nìyí, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọwọ́ bù ú. Mílígíráàmù 75 ni fún kílò ẹja kan lójúmọ́, fún ọjọ́ 10. Bí ẹja yín bá jẹ́ 500, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wọ̀n tó gíráàmù 10, gbogbo wọn jẹ́ kílò 5. Mílígíráàmù 375 ni wọn yóò gbà lóòjọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ń bẹ nínú ọ̀rá kì í ṣe oògùn pọ́ńbélé: bí a bá kọ ọ́ sí i pé gíráàmù 20 oògùn ni ó wà nínú gíráàmù 100 ìyẹ̀fun, a jẹ́ pé nǹkan bí gíráàmù 1.9 ìyẹ̀fun náà ni ẹ óò wọ̀n. Ẹ fi òróró díẹ̀ pò ó mọ́ gíráàmù 150 oúnjẹ, ẹ sá a sí ibòòji, nítorí oòrùn a máa ba oògùn yìí jẹ́. Ẹja tí kò bá jẹun kò rí oògùn gbà, ìdí mìíràn nìyí tí kò fi yẹ kí a pẹ́. Bí ara bá sì yá ní ọjọ́ kẹrin, ẹ parí ọjọ́ mẹ́wàá náà; kòkòrò tí a nà tí a kò pa ni í padà wá pẹ̀lú agbára tí oògùn náà kò ní lè ká mọ́.

Ẹja tí a bá lo oògùn yìí fún kò gbọdọ̀ dé ọjà kí ọjọ́ 21 tó kọjá lẹ́yìn oògùn ìkẹyìn, gẹ́gẹ́ bí òfin Amẹ́ríkà ti là á sílẹ̀ fún irú ẹja bẹ́ẹ̀. Chloramphenicol kò ní ọjọ́ kankan tí ó mú un tọ́; ó lè ba ibi tí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ti ń ṣẹ̀dá jẹ́, kò sì sí ààyè fún un nínú ẹran tí ènìyàn yóò jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni malachite green, aró aláwọ̀ ewé tí àwọn kan ṣì ń tà lábẹ́lẹ̀ fún olú ara ẹja, tí Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kò gbà fún ẹja jíjẹ. Ọmọ ẹni, àna ẹni, àlejò tí a fi ọbẹ̀ ẹja ṣe lálejò, ni yóò jẹ ohun tí a bá fi sínú táńkì yìí.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé tí gbogbo wọn ń jẹun, ìdánwò kan kù. Ẹ mú márùn-ún nínú àwọn ẹja yín àtijọ́ tí wọ́n tó ẹgbẹ́ wọn ní títóbi, kí ẹ fi wọ́n sáàárín àwọn tuntun fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ẹja tuntun lè ti bá kòkòrò kan mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ṣe wọ́n ní nǹkan mọ́. Ara àwọn márùn-ún náà ni yóò sọ fún wa bí ó bá ṣì wà nínú omi. Bí àwọn wọ̀nyí náà bá wà ní àlàáfíà, ẹ lè kó gbogbo wọn sínú kòtò àgbà, ní ìrọ̀lẹ́, láìda omi táńkì tẹ̀lé wọn.

Òkú ẹja tí ẹ bá rí láàárín àkókò yìí, ẹ gbẹ́lẹ̀ jíjìn fún un, jìnnà sí kànga, kí ẹ da ẹfun lé e kí ẹ tó bò ó. Ẹ má ṣe jù ú sódò, ẹ má sì fún ajá jẹ. Táńkì tí ó ti ṣófo ni kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ pẹ̀lú omi Hypo, òun àti àwọ̀n, korobá àti abọ́ rẹ̀ pupa. Ẹ ṣàn án dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí oòrùn pa gbogbo rẹ̀ gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ẹ tó tún pọn omi sí i fún àwọn tí ń bọ̀.